Kí Orin Síídì Má Baà Máa Fò Tí A Bá Ń Kọ́pì Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí síídì Tátalọ́ Àlàmú tàbí Yusuf Olátúnjí bá wà nílé yín, ní Mápó o, ní Bẹẹrẹ o, ẹ tètè kọ́pì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́pì rẹ̀ dáadáa.

Kí ló ń jẹ́ kí orin máa fò? Ègé ìró 44,100 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan lórí síídì. Bí eruku bá bo díẹ̀, ẹ̀rọ á fojú díwọ̀n ohun tó sọnù. Bó bá pọ̀ jù, ẹ ó gbọ́ "tá!" Àléébù yẹn ò sì ní kúrò nínú kọ́pì yín mọ́.

1. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu síídì láti àárín lọ sí etí. Ẹ má nù ún yípo, torí pé yípo ni wọ́n kọ orin náà.
2. Ẹ má kánjú. Ẹ yan speed kékeré, kẹ́ ẹ sì tan error correction.
3. Kí bátìrì laptop kún, torí NẸ́PÀ.
4. Ẹ kọ́kọ́ fi pamọ́ bíi WAV, bíi 10MB fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó ṣe MP3 fún fóònù.
5. Tó bá jẹ́ rekọ́dà lẹ fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ síídì, 44.1 ni kẹ́ ẹ fi sí, kì í ṣe 48. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa rìn, bí onílù àti oníjó.
6. Ẹ gbọ́ kọ́pì náà tán kẹ́ ẹ tó dá síídì padà fún ẹni tó ni ín.

Láti 1978 ni Yusuf Olátúnjí ti kú. Kò lè padà wá tún un kọ fún wa.