Kọ̀ǹpútà Yín Kò Tíì Kú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Lẹ́yìn Windows 10

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí bá kọ̀ǹpútà mu bí ó ṣe bá ọmọ ènìyàn mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ètò tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Agẹmọ ọdún 2015, tó sì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ tí à ń lò nínú ilé wa.

Kọ̀ǹpútà kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ń tàn, ó ń kọ̀wé, ó ń ṣí fíìmù. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti lọ. Lóṣooṣù ni Microsoft máa ń fi àtúnṣe dí ihò tí àwọn olè íntánẹ́ẹ̀tì bá rí nínú ètò náà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tí a kò rẹ́ mọ́ yóò lanu dandan. Ẹni tó ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀ ní ìdí láti ronú.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yín lè gbé èyí tuntun?

Ọ̀fẹ́ ni Windows 11 fún ẹni tó ní ojúlówó Windows 10, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè gbé e. Ó kéré tán, ó ń béèrè RAM GB 4 àti àyè ìpamọ́ GB 64. Èyí kò le. Ohun méjì ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ padà: TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀rọ, àti ọjọ́ orí processor, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nígbà mìíràn TPM wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tàn án nínú BIOS. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè tàn fún ọpọlọ tó ti gbó. Ní ti Intel, láti ìran kẹjọ tó jáde ní 2017 ni wọ́n ń gbà, àfi díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda láti ìran keje.

Ẹ má jẹ́ kí "Core i7" tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tàn yín jẹ. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò: i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i7-6600U jẹ́ ìran kẹfà. Nítorí náà, i3 ìran kẹjọ lè wọlé níbi tí i7 ìran kẹfà ti dúró síta. Ẹni tó bá ń lọ ra tókunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó béèrè èyí kí ó tó yọ owó. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà nílé, kí ó lo PC Health Check, ètò ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Yóò sọ bóyá ẹ̀rọ náà yege, àti ibi tó kù sí bí kò bá yege.

Ẹ kó ẹrù jáde ná

Nínú láptọ́ọ̀pù ìyá mi ni ohùn ìyá rẹ̀ wà, níbi tí mo ti gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń ki oríkì ìdílé wọn nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ìyá àgbà ti lọ. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ohùn yẹn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà gbogbo ilé: àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sí ibi méjì ó kéré tán: ọ̀kan lórí háàdì díìsìkì tàbí fláàṣì, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ẹbí mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀dà náà lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ rí i. Bí BitLocker bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín, ẹ kọ nọ́ńbà ìràpadà rẹ̀ tó jẹ́ 48 sínú ìwé. Láìsí i, fáìlì lè há sínú ẹ̀rọ.

Ọ̀nà mẹ́ta fún ẹ̀rọ tí kò yege

Ẹ̀rọ ìyá mi jẹ́ ìran kẹfà. Alátùn-únṣe kan ní kí a tà á lówó pọ́ọ́kú, kí a ra òmíràn. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún màmá, wọ́n bi mí pé: "Ṣé ẹ̀rọ náà ti kú ni?"

Mo ní: "Rárá, Màmá, kò kú."

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ kí n sin ín?"

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Ọ̀nà kìíní ni ètò àfikún ààbò tí Microsoft là sílẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà 2026. Ọgbọ̀n dọ́là ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft tọ́jú ìṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àfikún àsìkò lásán ni. Ọ̀nà kejì ni kí a ra ẹ̀rọ tó yege, bí agbára bá ká a.

Ọ̀nà kẹta ni Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀kan ni Ubuntu, orúkọ tó wá láti èdè gúúsù Áfíríkà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint ni a yàn fún màmá, nítorí ojú rẹ̀ jọ Windows. A kọ́kọ́ dán an wò láti orí fláàṣì, láìpa ohunkóhun rẹ́, kí a tó gbé e sórí ẹ̀rọ. LibreOffice tó bá a wá ń ṣí ìwé Word, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtò ojú ìwé lè yí díẹ̀. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Windows. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ètò kan tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, kí ó rò ó dáadáa kó tó gba ọ̀nà yìí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an

Ẹ rí i pé bátìrì kún, kí ẹ sì ní iná àrọ́wọ́tó bí NEPA bá ṣe tiwọn. Ẹ̀rọ tó kú láàárín iṣẹ́ lè má jí dáadáa mọ́. Ẹ ra dátà tó pọ̀, nítorí Windows 11 ju GB 4 lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí ìlà orí ẹ̀rọ bá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú púpọ̀, ẹ má pa á. Bí Windows 11 kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ ní láti padà sí ti tẹ́lẹ̀ nínú Settings, lábẹ́ Recovery.

Ẹni tí kò bá lè ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí lọ́sẹ̀ yìí, kí ó ṣe ẹyọ kan: kí ó ra fláàṣì, kí ó da ohun tí owó kò lè rà kọ sínú rẹ̀. Ètò ẹ̀rọ lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.