Àpótí Iná Tó Kọ̀ṣẹ́: Ìta Ni Àyẹ̀wò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ojú àpótí náà ń fi 64% hàn. Onígbàjámọ̀ ki pọ́lọ́ọ̀gì kílípà bọ súkẹ́ẹ̀tì, kò mí. Ó yọ ọ́, ó tún un kì, kò mí síbẹ̀. Oníbàárà ti jókòó, aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀, apá kan orí rẹ̀ sì ti mọ́.

Bọ́tìnì kan ló sábà máa ń fa irú èyí. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí iná alágbèéká, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní power station, súkẹ́ẹ̀tì ńlá ní bọ́tìnì tirẹ̀, ojú ihò tí wọ́n fi ń gba iná sí foonu náà ní tirẹ̀. Bí ohun tó ń fa iná bá kéré jù fún wákàtí mélòó kan, àwọn kan a máa pa súkẹ́ẹ̀tì ńlá fúnra wọn kí iná má baà ṣòfò. Títẹ̀ ni wọ́n máa tún un tẹ̀.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan kúrò lábẹ́ 200 náírà tó fò sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò jẹnẹrétọ̀. Owó ńlá ni àpótí yìí. Ó dunni pé wọ́n ń tú èyí tí kò bàjẹ́ rárá.

Ohun mẹ́ta ló ṣe kókó nínú rẹ̀: bátìrì, ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di irú ti NEPA, àti bọ́ọ̀dù kékeré kan tó jẹ́ ọlọ́dẹ fún bátìrì. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ yìí ni láti ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ewu bá ń bọ̀. Kẹ́tù tó ń jẹ 2000 wáàtì kò lè jẹun lára àpótí 600 wáàtì. Á kú lójú ẹsẹ̀. Fíríìjì máa ń tanni jẹ ju kẹ́tù lọ, nítorí pé bí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lè fa ìlọ́po mélòó kan iná tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Kí wọ́n yọ gbogbo nǹkan, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n wá fi gílóòbù kékeré kan dán an wò. Bí gílóòbù bá tàn, ẹrù ló pọ̀ jù.

Ooru náà ń ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò ló fi 40 tàbí 45 sẹ́ńtígíréèdì ṣe òpin ooru tí bátìrì lè gba iná sí. Àpótí tó sùn sí búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, tàbí tí eruku ọyẹ́ ti dí ojú fáànù rẹ̀, lè kọ̀ láti gba iná títí tara rẹ̀ yóò fi tutù.

Bí kò bá gba iná rárá, mítà olówó pọ́ọ́kú a máa sọ òótọ́. Páànù sólà 100 wáàtì tí wọ́n ń pè ní ti fóltì 12 yẹ kó fi nǹkan bí 20 sí 22 fóltì hàn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń fa iná lára rẹ̀. Bí òfo bá jáde, wáyà tàbí orí wáyà ni kí wọ́n wò. Pọ́lọ́ọ̀gì inú ọkọ̀ sábà máa ń ní fíùsì ní ṣóńṣó orí rẹ̀, yíyí ni wọ́n ń yí i tú. Iná ọba tí kò lágbára, tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń gòkè sọ̀kalẹ̀, lè mú kí ṣájà kọ̀.

Ẹ̀sùn kan tún wà tó ń da èèyàn láàmú: àpótí wà ní 20%, ó já sí òfo lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì LFP (lithium iron phosphate) ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn tuntun, irú èyí tí John Goodenough àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Texas kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1997. Fóltì ẹyin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ sínú rẹ̀, máa ń dúró sí nǹkan bí 3.2 fún ìgbà pípẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ẹ̀rọ kò rí ohun púpọ̀ kà, ó ń fojú díwọ̀n, àṣìṣe rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Kí wọ́n lò ó tán, kí wọ́n gba iná sí i títí tó fi kún, ìṣirò á tún bá ara mu.

Ibi tí onílé ti gbọ́dọ̀ dúró ni ìdérí àpótí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, iná tó ju 300 fóltì lọ ṣì lè fara pamọ́ sínú kapásítọ̀ ínfátà. Àwọn kan ń fi wáyà so fíùsì tó jó pọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n lé ọlọ́dẹ kúrò, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún iná. Bí ara àpótí bá wú, tàbí tó ń rùn bíi kẹ́míkà, kí wọ́n má tẹ bọ́tìnì kankan mọ́. Ìta gbangba ni ibùdó rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, níbi tó jìnnà sí ògiri.

Èyí tí wọ́n gbàgbé sí sítọ́ọ̀ fún oṣù púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹyin LFP bá lọ sí nǹkan bí 2.5 fóltì, ọlọ́dẹ á pa á pátápátá, ojú rẹ̀ á dúdú. Ṣájà tirẹ̀ lè jí i. Bí kò bá jí, kí wọ́n má fi ipá gba iná sí i láti inú bátìrì ọkọ̀: bàbà inú ẹyin tó ti gbẹ jù lè yọ́, kó tún dì síbi tí kò yẹ, kí apá pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù inú rẹ̀ sì kan ara wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.