Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀-ìṣe "Mánéèjì" Lẹ́nu Ará Ìbàdàn

Ní ọjà Bódìjà, bí oníbàárà bá ráhùn pé òṣùwọ̀n ẹ̀wà kò kún, ọlọ́jà a máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mánéèjì ẹ̀." Ní Dùgbẹ̀, awakọ̀ tó há èrò mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn Micra a ní kí wọ́n mánéèjì ara wọn. Bí a bá sì bi ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ná pé báwo ni nǹkan, yóò dáhùn pé, "À ń mánéèjì." Ìtumọ̀ mẹ́ta ló hàn níbí: gbígba ohun tí kò tó, fífara da ìnira, àti fífi ìwọ̀nba gbé ayé.

Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá a ni. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni "manage" wọ èdè náà láti inú "maneggiare" ti èdè Ítálì, èyí tí í ṣe fífi ọwọ́ darí nǹkan, pàápàá ẹṣin. "Mano", tí í ṣe ọwọ́, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, láti ara "manus" ti èdè Látìn. Láti orí ẹṣin ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti gbòòrò dé àkóso ilé, iṣẹ́ àti owó, títí ó fi kan kí ènìyàn rí nǹkan ṣe láàárín ìṣòro. Ìtumọ̀ ìkẹyìn yìí ló sún mọ́ ti Ìbàdàn jù.

Nígbà tí ó dé ẹnu Yorùbá, ó gba ìwà onílé. Sílébù Yorùbá kì í ní kọ́ńsónáǹtì ìparí, nítorí náà fáwẹ̀lì "i" gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń bá "ń" àti "ti" rìn bí ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù.

Yorùbá ti ní "apá ká" tẹ́lẹ̀: ohun tí apá ènìyàn ká wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí Ítálì ti mú ọwọ́ ṣe òdiwọ̀n agbára, bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá mú apá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí apá kò ká nǹkan gan-an ni ará Ìbàdàn ń mánéèjì rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí dókítà bá sọ pé àwọn ń "manage" ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ́jú tó péye àti àkóso àìsàn náà ló ní lọ́kàn. Aláìsàn lè gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n kàn ń fi oògùn tí kò tó rọ́jú. Nítorí náà, olùtumọ̀ tó bá dé ibi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ǹjẹ́ apá ẹni tó ń sọ ọ́ ká ohun tó ń sọ nípa rẹ̀, tàbí kò ká a?