Ìtàn Ìfẹ́ Ayé Àtijọ́ àti ti Ilẹ̀ Àràmàǹdà: Kí Ni Ó Yẹ kí Òǹkàwé Máa Bèèrè?

Ìfáàrà

Bí a bá wọ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣòro láti rí ìwé ìtàn ìfẹ́ kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tí ó ni ín a sì máa fi í pa mọ́ bí ẹni jí ẹran jẹ, nítorí èrò ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí ó bá wá jẹ́ pé ayé àwọn baba ńlá ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, tàbí pé iwin àti ẹbọra wà nínú rẹ̀, ẹ̀gàn a tún gun orí ẹ̀gàn. Wọn a ní irọ́ pọ́ńbélé ni.

Èmi wà lára àwọn tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi í pa mọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ògidì wà, ayédèrú sì wà. Ìbéèrè kan ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: kí ni ó ń dí àwọn olólùfẹ́ lọ́wọ́, ǹjẹ́ ìdènà náà sì ti inú ayé tí òǹkọ̀wé gbé wọn sí jáde? Ọmọ ìyá ni ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ àti ìtàn ìfẹ́ ilẹ̀ àràmàǹdà. Méjèèjì ni ó ń gbé olólùfẹ́ lọ sí ibi tí òfin rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Bí òfin ibẹ̀ kò bá ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe fún ìfẹ́ náà, aṣọ oge lásán ni òǹkọ̀wé wọ̀ fún ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú Ivanhoe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé kan tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ bá òǹkọ̀wé jà. Walter Scott, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ni ó kọ Ivanhoe, tí ó jáde ní òpin ọdún 1819. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1194 ni ibùdó ìtàn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun kan, Ivanhoe, ti ojú ogun ẹ̀sìn dé. Rowena, ọmọ ọlọ́lá, ni ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fara gbọgbẹ́, Rebecca ni ó tọ́jú rẹ̀. Ọmọ Júù ni Rebecca. Ó mọ egbòogi, ó gbọ́n, ó sì láyà. Wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn án, wọ́n fẹ́ dáná sun ún, Ivanhoe tí ara rẹ̀ kò tíì le ni ó wá jà fún un. Síbẹ̀, Rowena ni ó gbé níyàwó. Rebecca àti bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n kọrí sí Gránádà ní ilẹ̀ Sípéènì.

Inú bí àwọn òǹkàwé. Wọ́n ní Rebecca ni ìfẹ́ náà tọ́ sí. Inú bí èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Mo ti ìwé náà dé pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí Scott kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun sí i ní ọdún 1830, ó dá wọn lóhùn pé ẹ̀tanú ìgbà náà kò lè gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ láyè, àti pé kì í ṣe ọrọ̀ ayé ni ó yẹ kí a máa fi san ẹ̀san ìwà rere.

Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọdún 1190, ọdún mẹ́rin péré ṣáájú àkókò ìtàn náà, ni ọ̀pọ̀ èrò dìde sí àwọn Júù ìlú York, tí àwọn bí 150 sì kú nínú ilé ìṣọ́ tí wọ́n sá sí. Nígbà tí ó di ọdún 1290, ọba lé gbogbo Júù kúrò ní ilẹ̀ náà. Ta ni yóò so yìgì fún Ivanhoe àti Rebecca ní irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1850, òǹkọ̀wé mìíràn, Thackeray, gbé ìwé ẹ̀fẹ̀ kékeré kan jáde tí ó pè ní Rebecca and Rowena. Ó pa Rowena, ó sì fi Rebecca fún Ivanhoe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ní láti ṣe kí èyí tó rọrùn: ó sọ Rebecca di Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ̀sìn baba rẹ̀ tí Rebecca kò gbà láti fi sílẹ̀ nínú ìwé Scott ni ó sọ nù kí ó tó rí ọkọ. Ohun tí òǹkàwé ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Rebecca tí ó fẹ́ràn kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ronú sí èyí ni n kò ti bínú sí Scott mọ́. Ìdènà tí ó fi sí ọ̀nà ìfẹ́ náà, inú ayé wọn ni ó ti wá.

Bí a bá mú un wá sílé

Tí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ kọ ìtàn ìfẹ́ àwọn baba wa ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ńkọ́? Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, ṣàlàyé pé ìpele ìpele ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ń gbà. Ìfojúsóde ń bẹ, nígbà tí àwọn obìnrin ìdílé ọkọ ń ṣọ́ ọmọbìnrin tí ó tọ́. Ìṣíhùn tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ẹbí ìyàwó bá fi ohùn sí i. Lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó gan-an. Láàárín gbogbo èyí, alárinà ń lọ ó ń bọ̀, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ Ifá, wọ́n sì ń wádìí bóyá àrùn burúkú tàbí wèrè wà nínú ìdílé.

Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé bá fi ọmọbìnrin ìgbà Ogun Kírìjì hàn wá, tí ó ń dá jáde lóru pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí alárinà tí ó bèèrè rẹ̀, a mọ̀ pé ọmọ òde òní ni wọ́n ró ní ìró àtijọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ìfẹ́ kò sí nígbà náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó orí ìfẹ́ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti ṣí ohùn rẹ̀ fún ẹnìkan láti kékeré tí ọkàn rẹ̀ wá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ ìwọ̀fà, tí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè: ẹ̀kún àti ìpinnu wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Adébáyọ̀ Fálétí ti fi hàn nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969) bí a ti ń fi àròsọ tú ìjà òmìnira ayé àtijọ́ palẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì fi ìfẹ́ inú ọgbà Yunifásítì hàn wá nínú Ó Le Kú (1974). Ìbá dùn mọ́ mi bí a bá lè rí ọ̀pọ̀ ìwé tí yóò so méjèèjì pọ̀.

Ilẹ̀ àràmàǹdà náà kò ṣàìní òfin

Àwọn kan rò pé níbi tí iwin bá wà, ohunkóhun ni ó lè ṣẹlẹ̀. Rárá o. Ta ni kò mọ ìtàn ọdẹ tí ó rí ẹranko tí ó bọ́ awọ sílẹ̀ tí ó di arẹwà obìnrin? Ọdẹ gbé awọ pamọ́, ó fẹ́ obìnrin náà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní sọ ibi tí ó ti wá fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ó mutí yó ni ó tú u fún ìyáálé. Ìyáálé fi bú obìnrin náà, obìnrin wá awọ rẹ̀ rí, ó gba igbó lọ. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo ìtàn náà ró. Bí a bá yọ èèwọ̀ kúrò, ìtàn tán. Ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ ni ó pàdánù ìyàwó, kì í ṣe oògùn ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin bẹ́ẹ̀ wà nínú She, tí H. Rider Haggard gbé jáde ní ọdún 1887. Ọbabìnrin Ayesha ti lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì láyé nítorí pé ó wọ iná ìyè, ó ń dúró de olólùfẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi owú pa, pé yóò tún ayé wá. Nígbà tí ó wọ iná náà lẹ́ẹ̀kejì, iná gba ohun tí ó fún un: ó hun jọ, ó sì kú. Apá yìí lágbára, n kò lè purọ́.

Ṣùgbọ́n apá kejì ń dùn mí. Ustane, ọmọbìnrin Áfíríkà tí ó fẹ́ Leo ní ìlànà ìlú rẹ̀, tí ó sì dúró tì í nígbà àìsàn, ni Ayesha pa, kò sì pẹ́ tí Leo fi wólẹ̀ níwájú ẹwà apànìyàn náà. Haggard ti gbé ilẹ̀ South Africa láti 1875 títí di 1881, síbẹ̀ ajẹ̀nìyàn ni ó fi àwọn ará ilẹ̀ wa pè nínú ìwé náà, lábẹ́ ọbabìnrin aláwọ̀ funfun, nínú àwókù ìlú tí ó ní àwọn mìíràn ni ó kọ́ ọ. Ẹ̀tanú Scott wà lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, a sì rí ìyà tí ó mú wá; ti Haggard wà nínú ìpìlẹ̀ ilé tí ó kọ́.

Kí a má bàa ní ti ẹlòmíràn nìkan ni a rí, ẹ jẹ́ kí a wo Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Kàkó fi àdá pa obìnrin tí ó rọ̀ mọ́ ọn pé kí ó má lọ sí ìrìn-àjò, ìtàn sì ń lọ. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má dánu dúró. Nígbà tí ó di Àdììtú Olódùmarè (1961), nǹkan ti yàtọ̀. Àdììtú àti Ìyùnadé kọ lẹ́tà sí ara wọn, obìnrin náà ní ohùn tirẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ láti fi dáhùn. Lójú tèmi, ìrìn-àjò láti ọ̀dọ̀ Kàkó dé ọ̀dọ̀ Ìyùnadé jìnnà ju ti inú igbó èyíkéyìí lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mú ìwé yín jáde kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè: òfin ayé wo ni ó dí àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́? Ta ni ó san owó ìdùnnú wọn? Ǹjẹ́ obìnrin inú rẹ̀ ní ohùn? Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú ìranù wo gbogbo wọn.

Ẹni tí ó bá sì ní kálàmù láàárín wa, Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, wọn kò sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà títí di ọdún 1886. Bí ọmọ Ìbàdàn kan àti ọmọ Èkìtì kan bá fẹ́ràn ara wọn nígbà náà, ìdènà wo ni ó tún kù kí òǹkọ̀wé máa wá kiri? Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ìlù náà láti ọwọ́ ẹ̀yin náà.