Ẹ Jẹ́ Kí Omi Bá Wa Gbé Ẹrù Ara

  Lóṣù yìí a kò ní sọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ tàbí ti owó yíyá. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni a fẹ́ sọ, nítorí pé orúnkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìpàdé mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn tí ó wá sí ìpàdé ìparí ọdún tó kọjá yóò rántí. Nígbà tí a ní kí gbogbo ènìyàn dìde fún àdúrà ìparí, ìyá wa kan tí ń ta àǹkárá kò lè dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó di tábìlì mú, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá yìí ti ń jókòó ní ìsọ̀ láti àárọ̀ di àṣálẹ́. Nígbà tí a fà á dìde tán, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, ó hàn pé kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tí ń ta gààrí ń gbé oògùn ìrora mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Baba wa tí ń ta irin kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ mọ́, ọmọ iṣẹ́ ni ó ń bá a gòkè lọ wo ọjà.

Dókítà ti sọ fún ìyá aláǹkárá pé aromọléegun ni, pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ń jí rìn láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rìn lónìí, orúnkún a wú lọ́la. Nígbà tí ó padà lọ ṣàlàyé, dókítà ní, "Ó dáa, ẹ lọ máa rìn nínú omi." Ìyá sọ èyí fún wa ní ìpàdé, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Akọ̀wé, ṣé wọ́n fẹ́ sọ Ìyá Aláǹkárá di ẹja ni?" Àwa tí a ń kọ ìwé yìí náà rẹ́rìn-ín. Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, àwa ni a kọ́kọ́ sọ pé owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò wà fún eré àwọn olówó. A jẹ̀bi. Ohun tí a ti mọ̀ láti ìgbà náà ni a fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ rántí kànga. Ẹni tí ó bá ti fa omi rí mọ̀ pé nígbà tí korobá ṣì wà nínú omi, ó fúyẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìgbà tí ó bá yọ jáde tán ni okùn máa ń ge ni lọ́wọ́. Omi ni ó ń bá wa gbé e tẹ́lẹ̀. Bí ó ti ń ṣe fún korobá ni ó ń ṣe fún ara ènìyàn. Ẹni tí ó bá wọ omi dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé. Bí omi bá dé àyà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ó bá dé ọrùn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ọjà ṣe é: ẹni tí ó wọn 80 kílò, tí ó dúró nínú omi tí ó dé àyà, nǹkan bí 25 kílò ni orúnkún àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò. Ṣé ẹ rí i pé omi ti sọ ohun tí ó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ kalẹ̀ fún un?

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé eré ọ̀lẹ ni. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ẹ gbìyànjú láti sáré nínú omi tí ó dé itan, ẹ ó rí bí yóò ti máa dì yín mú. Bí ẹ bá ṣe yára tó ni yóò ṣe le tó, bí ẹ bá sì rọra, òun náà a rọra. Bí ẹ bá na àtẹ́lẹwọ́ bí abẹ̀bẹ̀ tí ẹ fi ti omi, apá yóò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá yí i ní ìhà bí ọ̀bẹ, ó ti fúyẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìyá arúgbó àti ọ̀dọ́mọkùnrin lè wà nínú omi kan náà, kí oníkálukú bu ẹrù tí agbára rẹ̀ ká. Omi tún máa ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ra yí ká, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ àti omi ara padà sókè. Àwa tí ẹsẹ̀ wa máa ń wú nítorí ìjókòó ọjà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

A lọ wò ó fúnra wa. Hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí a dé gba owó lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò rí ìsàlẹ̀ omi wọn, kò sì sí ẹnì kan létí rẹ̀ tí ó mọ̀wẹ̀. A kó àwọn ènìyàn wa padà sílé. Ibi kejì dára. Omi wọn mọ́, ó dé àyà, irin ìdìmú wà létí rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin òmùwẹ̀ kan sì ń ṣọ́ ọ. Ènìyàn 12 ni a kọ́kọ́ kó lọ, obìnrin 9, ọkùnrin 3, láàárọ̀ Sátidé kí àlejò hòtẹ́ẹ̀lì tó jí. Obìnrin tí ń kọ́ wọn dúró lókè, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe é kí wọ́n lè rí i: wọ́n rìn síwájú, wọ́n rìn sẹ́yìn, wọ́n rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Wọ́n di irin mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbá omi. Wọ́n gbé orúnkún sókè dé ibi tí wọ́n kò ti gbé e dé láti ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tí ó lúwẹ̀ẹ́, orí ẹnikẹ́ni kò sì rì. Kò dìgbà tí ènìyàn bá mọ̀wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ìyá ní àwọn kò ní wọ péńpé níwájú ọkùnrin, òtítọ́ sì ni wọ́n sọ. Ìró kò ṣeé wọ̀ rárá, yóò lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀ nínú omi, ewu sì ni. Ṣòkòtò tí ó fún mọ́ra àti ẹ̀wù alápá tí kò fẹ̀ ni a fẹnu kò sí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Aláǹkárá kò fi irin sílẹ̀ títí tí wọ́n fi parí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ń rìn láàárín omi, ó sì ń pe oníbàárà rẹ̀ kan pé kí ó wá san gbèsè.

Àwọn ẹlòmíràn mọ nǹkan yìí ṣáájú wa. Franklin Roosevelt ti Amẹ́ríkà jẹ́ ẹni ọdún 39 nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ ní 1921. Ní 1924 ó lọ sí Warm Springs ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e lórí ilẹ̀ gbé e nínú omi náà. Ó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ra ibẹ̀ ní 1926, tí ó sì sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú fún àwọn alárùn bíi tirẹ̀. Ó di Ààrẹ ní 1933. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òdodo: omi kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn, kò tún dá rìn láìní ìrànwọ́ mọ́.

Ẹnì kan yóò ní, "Àwa náà kò ha ní Ìkogòsì?" A ní in, ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Omi gbígbóná náà tó nǹkan bí 70 lórí ìwọ̀n Celsius níbi tí ó ti ń sun, ó sì tó nǹkan bí 37 níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ìyẹn dára fún kí a jókòó sí, kí ara tù wá. Ṣùgbọ́n eré tí ó le nínú omi tí ó gbóná tó ara ènìyàn lè mú òòyì wá. Omi tí wọ́n fi ń tọ́jú oríkèé sábà máa ń wà láàárín 33 sí 35.

Lórí àǹfààní rẹ̀, a kò ní bù mọ́ ọn. Ní 2016 àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí 13 jọ lórí eré inú omi fún àwọn tí aromọléegun mú ní orúnkún tàbí ìbàdí. Wọ́n rí i pé ìrora dín kù díẹ̀, iṣẹ́ ara sì rọrùn díẹ̀ sí i, fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Díẹ̀ ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá dáwọ́ dúró, kó má retí pé yóò máa bá a lọ. Omi kò sì lè fún eegun lágbára bí ìrìn orí ilẹ̀ ti ń fún un, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá kí ó má fi ìrìn àárọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ fún ẹni tí kò lè rìn tó bó ṣe yẹ lórí ilẹ̀, díẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Aromọléegun ṣì wà lára Ìyá Aláǹkárá. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ó dá dìde fún àdúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí wọ odò ẹ̀yìn oko lọ. Ìgbín inú omi tí kò ṣàn dáadáa ni ó ń gbé kòkòrò tí ń fa àtọ̀sí ajá, omi tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé ènìyàn lọ. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì rọlẹ̀, wárápá, tàbí egbò tí kò tíì jinná, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ẹ mu omi kí ẹ tó wọlé àti lẹ́yìn náà. Ara máa ń làágùn nínú omi, a kì í kàn mọ̀ ni.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé ẹgbẹ́ yóò san ìdajì owó hòtẹ́ẹ̀lì fún oṣù mẹ́ta, kí oníkálukú san ìdajì yòókù àti owó ọkọ̀ rẹ̀. Ààyè mẹ́jọ ni ó ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá fẹ́, kó mú ìwé dókítà wá bá wa ní ọ́fíìsì kí ó tó di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Baba oníirin ti kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀.