Kí Ìrora Lọ, Kí Ẹ̀kọ́ Kù

Ṣé o mọ̀ pé ara lè rántí ohun tí iyè ti gbàgbé? Lọ́dún 1911, Édouard Claparède, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Geneva, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti ra. Claparède fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sáàárín ìka rẹ̀, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì gún un. Nígbà tó tún nawọ́ sí i lẹ́yìn náà, obìnrin yìí fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Kò rántí pé ohunkóhun gún òun. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Obìnrin yìí ń sá láìmọ̀ pé ejò ti bu òun jẹ rí.

Ṣé o mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ náà wà? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Lọ́dún 1995, Antoine Bechara, Antonio Damasio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Iowa ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ han àwọn aláìsàn. Bí àwọ̀ kan pàtó bá yọ, fèrè ọkọ̀ ojú omi á dún lójijì, wọ́n á sì wo bí ara àwọn aláìsàn náà ṣe ń làágùn. Ẹnì kan wà tí amygdala rẹ̀, ẹ̀yà ọpọlọ tó ń ru ìbẹ̀rù sókè, ti bàjẹ́. Ó sọ àwọ̀ tí fèrè ń tẹ̀ lé láìṣì í, àmọ́ ara rẹ̀ kò làágùn bí àwọ̀ náà bá yọ. Ẹlòmíràn tí hippocampus tirẹ̀, ẹ̀yà ọpọlọ tó ń bá ni pa ìrántí mọ́, bàjẹ́ ń làágùn bí àwọ̀ yẹn bá ti yọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo ni. Ẹ̀kọ́ ń gbé ibì kan, ìpayà ń gbé ibòmíràn! Nítorí náà, ẹni tó ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kó gbàgbé ń béèrè ohun tí kò pọn dandan: ìrora lè lọ kí ẹ̀kọ́ kù.

Ṣé o mọ̀ pé ìrántí tí a bá pè jáde lè rọ̀, kó ṣeé yí padà, kó tó tún le? Karim Nader àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára àwọn eku ní New York lọ́dún 2000.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí o bá dúró sí wo ìrántí ṣe pàtàkì? Lọ́dún 2005, Ethan Kross, Özlem Ayduk àti Walter Mischel ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rántí ohun tó bí wọn nínú. Àwọn kan padà wọnú rẹ̀. Àwọn mìíràn dúró lókèèrè, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni ń wòran, wọ́n sì ń wádìí ìdí tí inú fi bí ẹni náà. Inú àwọn tó dúró lókèèrè kò ru tó ti àwọn tó wọlé. Lọ́dún 2014, Kross tún rí i pé ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń fọkàn balẹ̀. Ìyá tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Àjọkẹ́, fara balẹ̀ ro ó," mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n dídúró lókèèrè kì í ṣe dídijú. Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lójúmọ́, fún ọjọ́ 4, nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé? Inú àwọn tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọn kò lọ sọ́dọ̀ dókítà tó bí àwọn yòókù ṣe lọ. Àwọn tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀.