Etí Tí Ó Pa Ohùn Méjì Pọ̀

Ẹni tí ó bá dé Ìbògún, ní agbègbè Ìfọ̀, yóò rí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga Olabisi Onabanjo, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yunifásítì ni àwọn ará ìlú ń pè é. Kò sí ohùn “v” nínú èdè wa, nítorí náà “f” ni etí wa ń gbà á sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba tí ó túmọ̀ Bíbélì ti sọ David di Dáfídì.

Kí Òyìnbó má ṣe rẹ́rìn-ín wa o! “Gb” wa ṣòro fún wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ Igbo ní “Ibo”, tí Àgbádárìgì sì di Badagry.

Ní ọdún 1957, Alvin Liberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ṣe ohùn tí ó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti “b” lọ sí “d”, títí dé “g”. Àwọn tí ó tẹ́tí sí i kò mọ ìyípadà kékeré wọ̀nyí dáadáa. “B” ni wọ́n ń gbọ́ ṣáá, àfi lójijì tí ó di “d”. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé ọmọ ọwọ́ olóṣù 6 sí 8 nínú ilé elédè Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ kọ́ńsónáǹtì èdè Hindi tí ó ṣòro fún àgbà ilé rẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, agbára náà ti dínkù gidigidi.

Ẹ ka Onídàájọ́ orí 12. Ní ìwọdò Jọ́dánì, àwọn ará Éfúráímù wí pé “Síbólẹ́tì” dípò “Ṣíbólẹ́tì”, a sì pa wọ́n. 42,000 ènìyàn ni ó kú nínú ogun náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn a máa pe iṣu ní “isu”, kò sì sí ẹni tí ó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n pàṣán ń bẹ ní ilé-ìwé! Bí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ bá kọ “isu”, ohun tí ó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó kọ. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì sí etí rẹ̀ léraléra: Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, igi ṣẹ́. Kí ó kọ́kọ́ sọ èyí tí ó gbọ́, kí ẹ tó gbé gègé lé e lọ́wọ́.